Màmá Ní Mo Jí Owó Wọn: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti pé ọdún 78, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Kò sí ọjọ́ tí wọn ò ní béèrè bàbá wa lọ́wọ́ mi, bàbá tó ti kú láti 2011, tí mo bá sì ti ní wọ́n ti kú, ẹkún ni, àfi bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ nìyẹn. Èyí tó wá dùn mí jù, wọ́n ní mo jí owó wọn, wọ́n tiẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí wọ́n lè fẹjọ́ mi sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ogbó ló dé, kí n fara dà á. Ṣé ogbó náà nìyí? Kí ni kí n máa fi dá wọn lóhùn?
Ọmọ tó ti rẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú sí mi o, orí fóònù lòun ti ń gbọ́ ọ, ìwọ lo wà nídìí ẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ogbó kọ́. Kéèyàn máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri, ìyẹn lè jẹ́ ogbó, àmọ́ kó mú un lọ́wọ́ kó má mọ nǹkan tí wọ́n ń fi í ṣe mọ́, àìsàn nìyẹn. Ṣíṣarán tá a máa ń sọ yìí, àìsàn ọpọlọ ni, dìmẹ́ńṣíà làwọn dókítà ń pè é, irú ẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni Alzheimer's. Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ ní 1906, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á pé ẹ̀sùn ni ti obìnrin tó tọ́jú yẹn náà fi bẹ̀rẹ̀, ó ń fura sí ọkọ ẹ̀, ó ń kó ẹrù pa mọ́ kiri ilé, kò sì tíì ju ẹni ọdún 51 lọ nígbà tí wọ́n gbé e wá.

Kọ́kọ́ gbé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà ná. Tó bá jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan ni nǹkan yí padà bìrí, ó lè jẹ́ àrùn inú ìtọ̀, ó máa ń da àgbàlagbà lórí rú gan-an. Àìtó fítámì B12, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn òògùn oorun kan náà lè fa irú ẹ̀, àwọn yẹn sì ṣeé tọ́jú. Kó gbogbo òògùn tí wọ́n ń lò sínú báàgì kó o gbé e dání lọ.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Bàbá mi pè mí lólè rí. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí, mo bú sẹ́kún, ìgbà tí mo wá lọ mu omi ni mo rí pọ́ọ̀sì wọn nínú fíríìjì lábẹ́ ike bọ́tà, ó ti tutù rìnrìn. Mo gbé e fún wọn, wọ́n wò mí sókè-sódò, wọ́n ní, "Ṣé o ti wá dá a padà?" Wọn ò purọ́ mọ́ mi o. Wọ́n gbàgbé pé àwọn làwọn gbé e síbẹ̀, owó ò sí níbi tí wọ́n fojú sí, ta ló wà nítòsí? Èmi ni. Torí náà má bá wọn jiyàn, sọ pé "ẹ jẹ́ ká jọ wá a", kó o sì ra pọ́ọ̀sì míì tó jọ ọ́ pa mọ́.

Ti bàbá, ní tèmi o, má máa tún òkú yẹn sọ fún wọn lójoojúmọ́. Àwọn kan máa ní irọ́ nìyẹn. Bi wọ́n pé, "Bàbá ti ń ṣe yín ni, àbí? Báwo lẹ ṣe pàdé gan-an?" O ò purọ́, ìtàn ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

Kí ẹ̀gbọ́n ẹ sì wá gba màmá lọ́wọ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Má kàn sọ ọ́ lórí fóònù, dá ọjọ́ fún un.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi ní àìsàn yìí kí wọ́n tó kú. Ọmọ ọdún 52 ni mí, ìyàwó mi ní mò ń yí tẹlifísàn sókè jù, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ó máa mú èmi náà? Mo gbọ́ pé òògùn ẹ̀ ti jáde.

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Pé bàbá yín ní in ò ní kó di dandan fún yín, èyí tó ń tọ ìdílé lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ yẹn ò wọ́pọ̀. Òògùn kan wà lóòótọ́ tó ń jẹ́ lecanemab, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2023, àmọ́ kì í wo àìsàn náà sàn, ó kàn ń dín ìrìn ẹ̀ kù díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán orí ẹni tó ń gbà á léraléra.

Nǹkan tó wà lọ́wọ́ tiyín ló ká mi lára jù. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ka nǹkan 14 tó lè dá kún dìmẹ́ńṣíà, wọ́n ní téèyàn bá lè mú gbogbo wọn kúrò, nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 àìsàn yìí lè má wáyé tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, kéèyàn máa dá nìkan wà, etí tí ò gbọ́ dáadáa náà sì wà níbẹ̀. Ìyàwó yín ò jìnnà sí òótọ́ o. Ẹ lọ yẹ etí yẹn wò.