Orúnkún Ọmọ Mi Ń Yẹ̀ Léraléra: Ṣé Iṣẹ́ Abẹ Pọn Dandan?

Ìbéèrè: Dókítà, Èbúté Mẹ́ta ni a ń gbé. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ẹni ọdún 19. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni egungun ojú orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí ó kẹ́yìn sì ṣẹlẹ̀ níbi tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó ní Òyìngbò. Wọ́n ní kí a ṣe iṣẹ́ abẹ láti fi iṣan mìíràn dè é. Ṣé ó pọn dandan? Ìgbà wo ni ara rẹ̀ yóò tó yá?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àmúmọ́ra. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó yẹ̀, tí èérún egungun kankan kò sì já bọ́ sínú oríkèé náà, ìtọ́jú láìlo ọ̀bẹ ni èmi ìbá kọ́kọ́ dámọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta yàtọ̀, nítorí pé bí ó ti ń yẹ̀ ni ó lè máa ha ohun dídán tí ó bo orí àwọn egungun náà, bí ìyẹn bá sì bàjẹ́, kì í sábà padà sípò bí ti tẹ́lẹ̀. Mo fara mọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Iṣan pẹlẹbẹ kan, tí àwa dókítà ń pè ní MPFL, ni ó so etí inú egungun ojú orúnkún mọ́ egungun itan, bí okùn ti ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Òun gan-an ni ó ń dì í mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá nà tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ̀, kí egungun náà tó wọ ojú yàrà rẹ̀, ìyẹn ibi jíjìn gbọọrọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ egungun itan. Ìdí nìyẹn tí sísọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó, tí ẹsẹ̀ kan ti tẹlẹ̀ tí ara sì ń yí, fi lè mú un yẹ̀. Iṣan tín-ín-rín kan láti ẹ̀yìn itan ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni a sábà máa ń lò láti fi ṣe okùn tuntun. A kì í fà á le jù, nítorí pé okùn tí ó le jù kì í jẹ́ kí ọkọ̀ bá omi ròkè. Orúnkún yóò gan, yóò sì máa dunni.

Ohun tí ẹ óò bèèrè ni pé: kí ni ó fa yíyẹ̀ náà gan-an? Ẹ́síréè àti àwòrán MRI ni yóò fi hàn bí yàrà náà kò bá jìn tó, bí egungun ojú orúnkún náà bá ga jù, tàbí bí ibi tí iṣan rẹ̀ ti so mọ́ ojúgun bá yà síta ju mìlímítà 20 lọ. Nígbà mìíràn a ní láti gé egungun ibẹ̀, kí a sì sún un sí inú. Bí a bá fojú fo èyí, okùn tuntun náà lè má tó.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀pá abẹ́ abíyá ni yóò lò fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ó lè padà sí kíláàsì láàárín àsìkò yẹn bí ẹni kan bá ń gbé e lọ gbé e bọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má wọ dánfó títí tí yóò fi lè fi ẹsẹ̀ náà nìkan dúró láìmì. Eré sísá líle ń dúró de oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa ọjọ́ fisiotẹ́rápì kankan jẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná àti òróró wọ́ ọ. Bí ibà bá mú un, bí ojú ọgbẹ́ bá ń sun ọyún, tàbí bí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ bá wú tí ó sì ń dùn ún, ẹ gbé e padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.