Ẹ Bi Ìyá Oníṣirò: Kékeré Tó Há Sábẹ́ Àgbà

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dárúkọ Suika Game nínú abala yìí, ni lẹ́tà bá ya dé. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, kò le: èso ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí, ẹ̀yin lẹ máa yan ibi tó máa bọ́ sí. Bí méjì tó jọra bá fara kan ara wọn, wọ́n á di ẹyọ kan tó tóbi jù wọ́n lọ. Bí òkìtì bá ga kọjá ìlà òkè àpótí, eré ti parí nìyẹn. Kò sí aago tó ń lé yín. Ilé iṣẹ́ Aladdin X ní Japan ló ṣe é lọ́dún 2021 fún ẹ̀rọ kan tó ń ju àwòrán sára ògiri. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ló dé orí ẹ̀rọ eré Nintendo Switch, ariwo rẹ̀ ò sì sọ títí di ọdún 2023, nígbà tí àwọn tó ń fi eré wọn han èrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé e.

Èso mọ́kànlá ni. Ṣẹ́rì ló kéré jù, lẹ́yìn rẹ̀ sitirọ́bẹ́rì, àjàrà, dekopon tó jẹ́ ọsàn Japan olórí kókó, persimmon tó rí bíi tòmátì, ápù, píà, píìṣì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, mẹ́lọ̀n, kó tó wá kan bàrà. Márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan ló ń bọ́ sí yín lọ́wọ́. Láti ápù lọ sókè, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín dá a.

Ó yá, ìbéèrè.

Ẹ káàsán mà. Mo máa ń ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan á wà ní òsì, èkejì ní ọ̀tún, wẹ́wẹ́ á kún àárín wọn, wọn ò ní pàdé títí eré á fi parí. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò, ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ tipẹ́ kí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó dé. Ìgbà tí o ń kó ápù sí òsì tí o tún ń kó ápù sí ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀. Yan ẹ̀gbẹ́ kan. Òsì ni tèmi. Èyí tó tóbi jù á wà ní igun, èyí tó tẹ̀ lé e á fara tì í, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀tún níbi tí àwọn wẹ́wẹ́ wà, bí a ṣe ń to àwọn ọmọ ilé ìwé sórí ìlà láàárọ̀, tí gíga wà lẹ́yìn tí kúkúrú wà níwájú.

Ìdí rẹ̀ ni pé àárín èso méjì tó fara kan ara wọn ni èso tuntun ti ń yọ. Bí dekopon méjì bá pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ persimmon, persimmon tuntun ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á di ápù. Bí ápù kan bá ti ń dúró níwájú, wọ́n á di píà. Ẹyọ ṣẹ́rì kan lè fa gbogbo ìlà náà dé igun, ìwọ á kàn ká ọwọ́ máa wò ó ni.

Àwọn méjì tó wà níbẹ̀ báyìí ńkọ́? Má ju ohunkóhun sí àárín mọ́, àfi èyí tó máa pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí méjì bá di ẹyọ kan, òkìtì àárín á rẹlẹ̀ díẹ̀, àwọn ńlá á sì máa yí wọlé. Bí persimmon bá wá sí ọ lọ́wọ́ tí kò sì ní ẹgbẹ́ lójú, jù ú sí àlàfo tó wà láàárín ògiri ọ̀tún àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ọ̀tún. Á há síbẹ̀, á sì máa ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà lọ sí òsì.

Ìyá Oníṣirò, ṣẹ́rì ló ń pa mí. Ó máa ń yọ̀ bọ́ sábẹ́ àwọn ńlá, kò sì ní jáde mọ́. Ṣé ọ̀nà wà láti yọ ọ́? — Mẹkáníìkì, Ìbàdàn

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí òun ló ya ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ́tọ̀. Kì í ṣe bàrà tí ẹ ò rí ló ń pa eré yín. Ṣẹ́rì tó há náà ni. Kò lè pàdé ẹnikẹ́ni níbi tó wà, ó sì tún ya àwọn ńlá méjì tó yẹ kó fara kan ara wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń débẹ̀. Ẹ ń jù ú sí kòtò tó wà láàárín èso ńlá méjì torí pé ó ṣófo. Kòtò yẹn gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ sá fún. Ilé ṣẹ́rì ni ọ̀tún pátápátá, lẹ́bàá ògiri, níbi tí òkìtì ti rẹlẹ̀ jù. Bí ibẹ̀ bá ti kún, ẹ gbé e sórí sitirọ́bẹ́rì tàbí àjàrà tó ṣì wà lókè. Èyí tó bá wà lórí kò tíì há.

Tó bá ti wọ abẹ́, ẹ má fi ìbínú ju èso lé e lórí. Ẹ wo àwọn tó bò ó. Ká ní ápù ni, tí ápù kejì sì wà nítòsí: ní ìṣẹ́jú àáyá tí àwọn méjèèjì bá di píà, ojú ihò á ṣí, píà tuntun á sì taari gbogbo aládùúgbò rẹ̀. Ìgbà míì, ṣẹ́rì á fò sókè fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Eré yìí máa ń fi èso tó kàn hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í wo ibẹ̀ rárá. Ẹ dúró títí èso ọwọ́ yín á fi jẹ́ èyí tó lè mú kí àwọn tó bò ó dàpọ̀, tí èyí tó kàn sì jẹ́ ṣẹ́rì. Àkọ́kọ́ á ṣí ilẹ̀kùn, èkejì á wọlé tọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí i lásán láìsí ṣẹ́rì tó ń bọ̀, nǹkan mìíràn ló máa kó sínú ihò náà.

Ẹyọ ṣẹ́rì kan lábẹ́ èso igun, mo lè fojú fò ó. Ṣẹ́rì kan pẹ̀lú sitirọ́bẹ́rì kan lábẹ́ ẹnì kan náà, ẹ fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ kọjú sí i.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi ọkùnrin ní bàrà ò já mọ́ nǹkankan, pé àwọn wẹ́wẹ́ ló ní máàkì. Mo ní kó yé purọ́. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? — Nọ́ọ̀sì, Peckham, London

Ẹ bá mi kí ọmọ náà dáadáa. Ṣẹ́rì méjì tó dàpọ̀, máàkì 1. Sitirọ́bẹ́rì méjì, 3. Lẹ́yìn náà ó ń lọ 6, 10, 15, 21, 28, 36, 45, títí mẹ́lọ̀n méjì á fi fún yín ní 55 pẹ̀lú bàrà. Bí ẹ bá rí bàrà méjì pa pọ̀, 66, àwọn méjèèjì á sì pòórá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń rí i kíá: ohun tí ẹ fi kún un ń fi 1 pọ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, 2, 3, 4, bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ṣẹ́rì nìkan lẹ fi bẹ̀rẹ̀, bàrà kan á gba ṣẹ́rì 1,024. Máàkì gbogbo ọ̀nà náà á jẹ́ 4,017. Nínú rẹ̀, 55 péré ni bàrà mú wá ní ìpele tó kẹ́yìn. Ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, ti ṣẹ́rì, sitirọ́bẹ́rì àti àjàrà, kó 2,048, ó lé ní ìdajì. Lódì kejì, bí ó bá ṣe pé persimmon nìkan ló ń bọ́, 64 lẹ máa nílò, máàkì rẹ̀ ò sì ní ju 1,329 lọ. Àárín ìṣirò méjèèjì yìí ni máàkì tí ẹ máa kó dé bàrà máa ń wà.

Ẹ̀yin náà kò ṣàṣìṣe tán. Ẹni tí kò bá lè kó èso rẹ̀ jọ di bàrà kò ní pẹ́ nínú eré tó bẹ́ẹ̀ tí máàkì wẹ́wẹ́ á fi ṣe é láǹfààní.

Mo ti rí bàrà kan. Ti kejì ò ṣeé ṣe, mà. — Télọ̀, Ṣàgámù

Ẹ kú oríire. Àyè ló dín kù, ọwọ́ yín kọ́ ló bàjẹ́. Kí bàrà àkọ́kọ́ tó dé, ẹ lè fi àjàrà méjì sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa dúró de àkókò tó dáa. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìdúró mọ́: méjì tó bá lè dàpọ̀, ẹ jẹ́ kó dàpọ̀ kíákíá. Ohun tí mo máa ń wò ni pé kí irú èso kọ̀ọ̀kan má ju ẹyọ kan lọ nínú àpótí. Mẹ́lọ̀n kan, ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan, píìṣì kan, títí dé ìsàlẹ̀. Bí méjì bá ti wà tí wọn ò sì lè pàdé, gbèsè ni.

Ibi tí bàrà wà náà ṣe pàtàkì. Èyí tó bá jókòó sí àárín á pín àpótí yín sí méjì, ẹ ó wá padà sínú wàhálà ọmọ Ilé-Ifẹ̀ òkè yìí. Torí náà, mẹ́lọ̀n àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti wà ní igun, kí èkejì wá bá a níbẹ̀. Bí ó bá ti bọ́ sí àárín ná, ẹ kó gbogbo persimmon àti ápù yín sí ọ̀tún rẹ̀ nìkan. Wọ́n á máa fún un mọ́ ògiri òsì díẹ̀díẹ̀.

Mo mọ eré nọ́ńbà tó ń jẹ́ 2048 ṣe dáadáa. Ṣé ọgbọ́n rẹ̀ wúlò níbí? — Òṣìṣẹ́ báńkì, Ìkẹjà

Ìdajì rẹ̀ wúlò. Nínú 2048 tí Gabriele Cirulli ṣe lọ́dún 2014, ẹ ń fi nọ́ńbà tó tóbi jù sí igun kan, ẹ kì í gbé e kúrò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin ni ti 2048, ó ń dúró síbi tí ẹ bá fi í sí. Èso ń yí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ tó ju òmíràn.

Ọkọ mi ní eré ọmọdé ni. — Ìyàwó ilé, Òṣogbo

Ẹ gbé e fún un ṣe. Ẹ tún gba fóònù yín lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èyí tí mo ń ṣe lórí fóònù mi ní èso tó yàtọ̀, kò sì sí dekopon níbẹ̀. Ṣé ìmọ̀ràn yín bá a mu? — Awakọ̀, Àkúrẹ́

Ẹ̀dà pọ̀ lóríṣiríṣi, àwọn kan tilẹ̀ ní bọ́tìnì tó ń mi àpótí. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ da àwọn tó kéré jù méjì pọ̀ kẹ́ ẹ wo máàkì tó fún yín, lẹ́yìn náà àwọn tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ 1 àti 3, ìṣirò òkè yìí bá a mu. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbàgbé máàkì tí mo kọ, ọ̀rọ̀ igun àti ti kékeré tó há ṣì dúró. Ẹ tún wo èso tó tóbi jù tó ń bọ́ sí yín lọ́wọ́. Nínú ẹ̀dà tó bá ń ju ápù fún yín láti òkè, ẹ fi àyè tó pọ̀ sí i sílẹ̀ lọ́tùn-ún.