Ìyá Mi Jẹ́ Ọmọ Ìbàdàn, Wọ́n Ní Èmi Kì í Ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ọmọ Nnewi ni bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn ni ìyá mi, agbo ilé wọn ò jìnnà sí Ọjà'ba. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, n ò sì gbé ibòmíràn rí. Yunifásítì ìpínlẹ̀ ni mo fẹ́ wọ̀, wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni akọ̀wé ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù, àfi ìgbà tó kan orúkọ bàbá mi. Ó fi báírò lélẹ̀. Ó ní kí n lọ gbà á ní Anambra. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí bàbá mi mú mi lọ sí Nnewi, “ọmọ Yorùbá” ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Màmá, ọmọ ibo wá ni mí? — Ẹni tọ́rọ̀ ń dùn, Yemẹtù.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ìyá rẹ jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, òfin ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má jẹ́ kí báírò akọ̀wé dẹ́rù bà ọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń jókòó sídìí tábìlì yẹn ò ṣí ìwé òfin wò rí. Bàbá ló lọmọ, ó parí, ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Abala 318 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá ẹni, tàbí ìyá ẹni, tàbí ẹyọ kan péré nínú àwọn òbí wọn, bá ti wá láti ìlú tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, ẹni náà ti di ọmọ ìpínlẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé ìyá rẹ, ni kó o kọ́kọ́ gbà. Kó kọ lẹ́tà, kó dárúkọ ìyá rẹ àti bàbá tó bí i, kó fọwọ́ sí i. Mú un lọ pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ, kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ọkùnrin kan sì bá ọ lọ. (Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ agbádá máa ń tètè yé akọ̀wé ju òfin lọ.)

Ṣé ẹ rí i, ta gan-an ló bá ilẹ̀ Ìbàdàn yìí nílẹ̀? Àwọn ológun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ló tẹ̀dó síbí ní nǹkan bí 1829, ìlú tí à ń kì pé kì í gbe onílé bí àjòjì. Òyìnbó dé, ó fi ìpín ṣe ìṣàkóso: àwọn òyìnbó ní Jẹ́ríkò níbi tí atẹ́gùn wà, Hausa ní Sábó láti 1916, ọmọ ìlú nísàlẹ̀. Wọ́n lọ tán, àwa la jogún fáìlì. Nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ 1979 ní kí ipò ìjọba àpapọ̀ kárí, èrò rere ni, kí ẹ̀yà kan má baà kó gbogbo ẹ̀ jẹ. Ìwé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí ìpín tọ́ sí ló wá di ìwé tí wọ́n fi ń lé ọmọ tí a bí sílé.

Tìrẹ tilẹ̀ sàn. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wá láti Warri, tí wọ́n bí sí Mọ́kọ́lá, kí ló fẹ́ dì mú? Abala 15 nínú òfin 1999 yẹn ní kí ìjọba fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé níbi gbogbo, ṣùgbọ́n abala 6 ní kí ilé ẹjọ́ má dá sí i. Ẹ wo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀! Ọmọ olówó ò sì mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí yìí wà. Yunifásítì aládàáni ò ní bi í ní agbo ilé, kí bàbá ṣáà ti sanwó. Ọmọ aláta àti ọmọ mẹkáníìkì ló ń jẹ ìyà rẹ̀, torí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀, owó tí àlejò ń san ju ti ọmọ ìbílẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá tún lé ọ padà, ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Wọn ò ní fẹ́ kọ ọ́. Kọ lẹ́tà sí alága, tọ́ka sí abala 318, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tìrẹ. Bí o ò bá rí èsì, gba Public Complaints Commission lọ. Láti 1975 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún ẹni tí ọ́fíìsì ìjọba bá rẹ́ jẹ, wọn kì í sì gbowó. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì pé àwọn á bá ọ ṣe é kíákíá, má fún wọn ní kọ́bọ̀. Ìwé tí wọ́n bá gba ẹ̀yìn ṣe, iléèwé lè pè é ní ayédèrú nígbà tó o bá ti dé ọdún kẹta.