Àbúrò mi ní Kétu, má tíì yọ ata kúrò nínú ìkòkò

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ síbí. O ní ó ti pẹ́ díẹ̀ tí inú ti ń ta ọkọ rẹ tó ń ṣe bíríkìlà, pé nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé ọgbẹ́ inú ni, kó fi ata, irú àti epo pupa sílẹ̀ pátápátá. Ìwọ ní tìrẹ kò lè jẹ ọbẹ̀ tí kò ta. O wá ń béèrè bóyá kí o máa se ìkòkò méjì lójúmọ́, àti ohun tí o lè fi rọ́pò ata nínú tiẹ̀ kí ọbẹ̀ má baà tẹ́.

Kí n tó sọ̀rọ̀ ìkòkò: àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe fún un? O ò kọ ọ́ síbẹ̀, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé wọn ò ṣe ìkankan. Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi náà nìyẹn. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí ọjà Ouando, ata rodo ni mo fi dàgbà. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wọ aṣọ funfun yẹn, mo ṣàlàyé pé inú ń jó mi, pé òru ló ń le jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé mo máa ń jẹ ata? Ta ni kì í jẹ ata ní Àjàṣẹ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó parí, ata ló fà á. Kò fọwọ́ kan ikùn mi, kò béèrè oògùn tí mò ń lò, kò ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó kọ oògùn olómi funfun kan fún mi, ó ní kí n máa jẹ oúnjẹ aláìsàn.

Ó yẹ kí o mọ ohun tí oúnjẹ aláìsàn ń fi ojú èèyàn rí, torí òun ni wọ́n fẹ́ kí ọkọ rẹ bẹ̀rẹ̀. Àkàsà àti ilá tí kò ní irú, tí kò ní edé, tí kò ní ata. Ìrẹsì funfun àti ẹja bíbọ̀. Ẹ̀wà tí a kò ta epo sí. Èmi ni mò ń dáná fún gbogbo ilé, èmi ni mò ń lọ ata wọn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá, màá wá bu tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dé ibi pé mi ò jókòó ti àwọn ọmọ mi mọ́ tí wọ́n bá ń jẹun alẹ́. Tí wọ́n bá pè wá síbi ìnáwó, mi ò lè fẹnu kan nǹkan kan níbẹ̀, àwọn àna mi sì gbà pé mò ń fojú di wọ́n ni. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ lójú mi pé ó jọ pé mò ń bẹ̀rù kí wọ́n má fún mi ní májèlé jẹ. Mo rù. Aṣọ ń tú lára mi. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bákan, o sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ lẹ́yìn obìnrin tó bá ń rù láìnídìí.

Síbẹ̀, inú yẹn ò yé ta mí. Tí inú bá ti ṣófo lóru, á jí mi, màá dìde mu ẹ̀kọ gbóná, á rọlẹ̀ díẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà lọ sọ fún wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ìyá, ṣé ẹ ò jí ata jẹ?" Èmi tí mo ti tọ́ ọmọ, tí mo ti fi ọmọ fọ́kọ, wọ́n ń bi mí bóyá mo jí ata jẹ nínú ìkòkò ara mi! Mo ní mi ò jẹ ẹ́. Wọ́n wo ojú ara wọn. Wọ́n tún kọ oògùn funfun náà, mo tún lọ san owó. Òpùrọ́ ni wọ́n pè mí, wọn ò kàn fẹnu sọ ọ́ ni. Títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń gbóná.

Dókítà kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ní Kútọnu, ló gbà mí. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ata. Ó béèrè bóyá ṣáájú oúnjẹ ni inú ń ta mí àbí lẹ́yìn rẹ̀, ó béèrè oògùn ara ríro tí mò ń lò, ó béèrè àwọ̀ ìgbẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ yẹ ìgbẹ́ wò nítorí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori. Wọ́n rí i. Inú ikun yíyọ̀ tó bo ara agbẹ̀du, àpò oúnjẹ inú wa, ni kòkòrò náà ń gbé, ó ń ba ibẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí omi kíkan inú á fi ráyè jẹ ara. Òun àti àwọn oògùn ara ríro kan ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ inú. Ata lè ta ibi tó ti ní egbò, ìyẹn yàtọ̀ sí pé òun ló dá egbò náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Dókítà méjì ará Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ni wọ́n fi hàn pé kòkòrò yìí ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ò gbà wọ́n gbọ́, Marshall fúnra rẹ̀ gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu ní 1984. Kò pẹ́ tó fi ń bì, nígbà tí wọ́n sì yẹ agbẹ̀du rẹ̀ wò, ó ti wú, kòkòrò sì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2005. Láti 2005! Ẹni tó bá ṣì ń wo ojú aláìsàn lónìí tó ń sọ pé ata ni, láìyẹ nǹkan kan wò, mi ò mọ ohun tó fi ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn.

Oògùn apakòkòrò méjì ni wọ́n sábà máa ń lò, pẹ̀lú èyí tó ń dín omi kíkan inú kù, fún ọjọ́ 14. Dókítà ni yóò yàn án. Ẹnu rẹ̀ á korò, ọbẹ̀ tó dùn jù lọ á dà bí irin lẹ́nu rẹ̀, ó lè fẹ́ dá a dúró láàárín ọ̀nà. Má gbà fún un. Tó bá dá a dúró, kòkòrò tó kù á mọ oògùn náà, kò ní gbọ́ ọ mọ́. Tó bá parí, kí ó tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí ó lè dá a lójú pé ó ti lọ. Bí wọ́n ṣe ń gba ìgbẹ́ lọ fún àyẹ̀wò kò le, wọ́n á ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Bíríkìlà ni, o ní. Ẹ̀yìn á máa ro ó, apá á máa ro ó. Kí ló ń lò fún un? Jọ̀ọ́, tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ wò. Àwọn oògùn ibuprofen, diclofenac àti aspirin tí wọ́n ń tà létí títì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé mì lójoojúmọ́ láìjẹun, wọ́n ń dá ọgbẹ́ sínú èèyàn láìsí kòkòrò kankan, wọ́n sì ń mú ẹ̀jẹ̀ dà. Èyí tó ti ọjà wá tún burú sí i, torí o ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. O rántí pé ní 2017 ìjọba wọ ọjà oògùn Adjégounlè ní Kútọnu, wọ́n kó oògùn ayédèrú níbẹ̀. Bákan náà ni sódàbì tí wọ́n fi rẹ egbò igi. Wọ́n á ní ó ń wo inú. Ọtí líle ni, kò yẹ kó kan inú tó ní egbò.

Kí n sì sọ èyí kí ó má baà bọ́ lọ́kàn mi: tí ọkọ rẹ bá ya ìgbẹ́ dúdú kirikiri, tàbí tó bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń rù láìdáwọ́ dúró, má wá èsì lọ́dọ̀ wa níbí. Gbé e lọ ọsibítù lóru ọjọ́ yẹn gan-an. Tó bá sì jẹ́ pé àyà ló ń jó o, tí omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀fun tó bá dùbúlẹ̀, ìyẹn ọ̀tọ̀. Ata àti ọ̀rá lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàmú lóòótọ́, kó má máa jẹun sùn.

Irú ńkọ́? Ẹni tó ní kó fi irú sílẹ̀, mi ò mọ ibi tó ti rí i. Irú kò ta. Kóró èso igi irúgbá ni, a sè é, a bó o, a bò ó kó fi wú, oúnjẹ tó ń fún ara lókun ni. Tiwa, ti Fọ̀n tí wọ́n ń pè ní àfìtìn, ti àwọn Bàrìbá tí wọ́n ń pè ní sónrú, gbogbo wọn ni mo ti fi se ọbẹ̀, tiwa yìí ló rọ̀ jù, ó máa ń yọ́ sínú ọbẹ̀ ọ̀ọ̀yọ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n gba irú lọ́wọ́ mi, kúbù amọ́bẹ̀dùn ni gbogbo èèyàn ní kí n máa fi rọ́pò rẹ̀. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú kúbù! Kí èèyàn má lọ sá fún inú, kó wá kó ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ọ̀sì yẹn, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o yọ irú, ní kó fi àyẹ̀wò hàn ọ́.

Ó yá, ìkòkò. Ìkòkò kan ṣoṣo ni kí o se. Obìnrin tó bá ń se méjì, kò ní pẹ́ tí agara á fi dá a, ọkọ á sì máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú ilé rẹ̀. Mo ti wà nípò yẹn, mi ò fẹ́ ẹ fún un.

Fi tòmátì àti tàtàṣé ṣe ìpìlẹ̀ ọbẹ̀, fi àlùbọ́sà tó pọ̀ sí i, irú, edé, ẹja gbígbẹ. Epo pupa níwọ̀nba. Tó bá kù díẹ̀ kó jinná, ju odindi ata rodo kan sí i, má gé e, má gún un, jẹ́ kí igi ìdí rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kó léfòó lórí ọbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí o yọ ọ́ kó tó bẹ́. Òórùn ata á wọ inú ọbẹ̀, títa rẹ̀ ò ní tó nǹkan. Tó bá bẹ́, ó ti di tìrẹ nìkan nìyẹn, kí o fún un ní ẹja àti àkàsà lálẹ́ ọjọ́ náà. Iyere náà wà. Òun àti ataare làwọn ìyá ńlá wa ń lò kí ata yìí tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé etíkun wa. Fi díẹ̀ lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, tí inú rẹ̀ bá gbà á.

Tìrẹ á wà lórí tábìlì. Ata rodo tútù, èyí tí kò tíì pọ́n, àlùbọ́sà, áyù, atalẹ̀ díẹ̀, iyọ̀. Lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, má fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúnná jù, bù ú sínú àwo kékeré. Tàbí kí o gé tòmátì, àlùbọ́sà àti ata, kí o da òróró gbóná díẹ̀ lé e lórí, bí a ṣe ń fi mónyò jẹ àkàsà àti ẹja dídín níbí. Ìwọ á bù ú bó ṣe wù ọ́. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ìka tọ́ ọ wò tí egbò bá ti san, kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìwọ̀n rẹ̀. Tí o bá fẹ́ dín títa ata kù kí o tó lọ̀ ọ́, kì í ṣe kóró ni kí o yọ nìkan. Awọ funfun inú ata tí kóró so mọ́, òun ló ń ta jù. Tó bá sì ta ọ́ kọjá bó ṣe yẹ, má mu omi, omi kì í pa á. Wàrà ni kí o jẹ, tàbí mílíìkì.

Ata gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ tẹ́lẹ̀ sínú ọ̀rá, mi ò ní kí o rà á. Ra odindi, fi ojú rẹ ṣà á, èyí tó bá ti hu, dà á nù.

Mo fẹ́ gbàgbé nǹkan tó ṣe pàtàkì jù nípa àyẹ̀wò náà. Tí wọ́n bá ti kọ omeprazole, ọ̀kan nínú oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, fún un, tó sì ń lò ó, ó lè fi kòkòrò náà pa mọ́, èsì á ní kò sí nǹkan kan, wọ́n á tún padà sórí ata. Ó gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ, oògùn apakòkòrò èyíkéyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ ọ́ kó tó dá a dúró. Tí wọ́n bá kọ̀ láti kọ àyẹ̀wò náà fún un ní Kétu, kó wá sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, kó má kúrò níwájú wọn láìgba ìwé rẹ̀. Kọ orúkọ oògùn tí o bá bá nínú àpò rẹ̀ síbí.