Síkírínì Ẹ̀yìn Kámẹ́rà Kì í Ṣe Ti Ọ̀lẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra DSLR àlòkù kan, ìyẹn kámẹ́rà ńlá tó ní dígí nínú, tí wọ́n ń yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ pààrọ̀. Awò ojú tí mo ń lò kì í jẹ́ kí n lè fojú mọ́ ihò tí wọ́n ń yọjú wò lókè kámẹ́rà dáadáa, nítorí náà síkírínì ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ń wo ohun tí mo bá fẹ́ yà. Ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí rí mi, ó ní ọ̀lẹ ló ń wo síkírínì, pé ojúlówó ayàwòrán kì í gbé kámẹ́rà kúrò lójú. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì dé tí kámẹ́rà náà fi ń pẹ́ kó tó rí fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí àwòrán ti mọ́ kedere, tí mo bá tan live view tó ń gbé ohun tí mo fẹ́ yà wá sórí síkírínì, tó jẹ́ pé kíá ló ń rí i tí mo bá lo ihò?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn yín. Wọ́n sọ irú rẹ̀ fún èmi náà nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo sì gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀. Fọ́tò ìyá ìyá mi ló yí mi lọ́kàn padà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú èyí tí wọ́n yà fún un nígbà ọmọge. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, etí rẹ̀ ti ń ká sókè, mo sì fẹ́ tún un yà kó tó bàjẹ́ tán. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo wá ń yọjú nínú ihò. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni mo yà á. Nígbà tí mo wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, etí tó ká yẹn mọ́ kedere, ojú ìyá àgbà ṣe bàìbàì nínú gbogbo wọn.

Mo tan live view. Mo sún àwòrán inú síkírínì tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, mo gbé àpótí kékeré inú rẹ̀ lé ẹyinjú ìyá àgbà, mo pa fókọ́ọ̀sì àdáṣe, mo sì ń fọwọ́ yí òrùka lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀ títí mo fi ń rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ bọ́tìnnì. Fọ́tò yẹn ló wà lára ògiri mi báyìí.

Ohun tó fà á nìyí, òun náà ló sì dáhùn ìbéèrè yín kejì. Nínú DSLR, dígí kan dúró níwájú sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fọ́tò. Dígí yìí ló ń darí ìmọ́lẹ̀ lọ sókè sínú ihò, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà sì ń gba ẹ̀yìn dígí lọ sísàlẹ̀, níbi tí ohun èlò mìíràn ti ń wọn fókọ́ọ̀sì. Èyí yára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ibi ìwọ̀n, ọ̀tọ̀ ni sẹ́ńsọ̀. Bí wọ́n bá fi bíńtín yàtọ̀ síra, fókọ́ọ̀sì á bọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn ibi tí ẹ fẹ́. Tí ẹ bá tan live view, dígí á gbéra, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ gan-an, ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí ni síkírínì á sì fi hàn yín. Ìwọ̀n tó yára ti lọ nìyẹn. Kámẹ́rà á wá máa ti lẹ́ǹsì síwá sẹ́yìn láti wá ibi tí dúdú àti funfun ti yàtọ̀ síra jù. Ìdí tó fi ń pẹ́ nìyẹn, àmọ́ tó bá rí i, ó rí i. Àwọn DSLR kan wá tó borí ìfàsẹ́yìn yìí, bíi Canon 70D tó jáde ní 2013. Bí tiyín bá ti pẹ́ jù ú lọ, ó ṣeé ṣe kí sùúrù jẹ́ dandan.

Ẹ má bínú sí ọ̀gá yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí live view lórí DSLR nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Àwọn kámẹ́rà kékeré ti ní síkírínì lẹ́yìn láti ìgbà Casio QV-10 ní 1995, ṣùgbọ́n Olympus E-330 tó jáde ní 2006 wà lára àwọn DSLR àkọ́kọ́ tó gbé live view wá. Lónìí, kámẹ́rà tí kò ní dígí rárá, irú èyí tí Panasonic gbé jáde ní 2008 tó pè ní G1, live view ni gbogbo ohun tí èèyàn ń rí nínú rẹ̀, kódà nínú ihò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ti wúlò ni ohun tó ń sáré. Ẹyẹ tó ń fò, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù: ẹ fi ihò ya ìwọ̀nyí. Kóró kékeré kan tí wọ́n ń yí kí ihò lè bá ojú ẹni mu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Ẹ bọ́ awò yín, kí ẹ yí kóró yẹn títí àwọn nọ́ńbà inú ihò á fi mọ́ ketekete. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní kámẹ́rà lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀! Tí kò bá sì sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má na apá gbọọrọ síwájú láti wo síkírínì. Ẹ fi okùn kámẹ́rà kọ́ ọrùn, kí ẹ tì í síwájú títí okùn á fi le, kí ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Tí mo bá ń ya ojú ọ̀run lóru, àwòrán náà máa ń mọ́lẹ̀ dáadáa lórí síkírínì, ṣùgbọ́n tí mo bá délé, ó ṣókùnkùn, ìràwọ̀ sì rí ràbàtà bí òwú. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

ÌDÁHÙN: Ojú yín ló tàn yín jẹ. Nínú òkùnkùn, iná kékeré á jọ iná ńlá. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ síkírínì kù, kí ẹ sì tan histogram, àwòrán kékeré tó rí bí òkè, tó ń fi hàn bí òkùnkùn (lápá òsì) àti ìmọ́lẹ̀ (lápá ọ̀tún) ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò. Bí òkè inú rẹ̀ bá rọ́ gbogbo ara sí apá òsì, fọ́tò ti ṣókùnkùn nìyẹn, ohunkóhun tí ojú ìbáà máa sọ. Àwọn kámẹ́rà kan tún máa ń mú síkírínì mọ́lẹ̀ kí ẹ kàn lè ríran ni, láìjẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò máa rí. Ẹ wá a nínú mẹ́nù kí ẹ pa á.

Ní ti ìràwọ̀, fókọ́ọ̀sì àdáṣe kì í sábà rí nǹkan dì mú lóru. Ẹ wá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù, ẹ sún un tóbi nínú live view, ẹ yí òrùka lẹ́ǹsì títí ìràwọ̀ náà á fi kéré jù lọ. Ó máa kéré, ó máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ẹ dá a padà sí ibi tó ti kéré. Mo máa ń fi sẹ́lótéèpù lẹ òrùka náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn èyí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, òǹkọ̀wé wa. Àgbàlagbà ni mí, orúnkún kò jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀ mọ́, òdòdó ilẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn láti máa yà. Síkírínì kámẹ́rà mi kì í ṣí síta. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ má jáwọ́ o. Bí kámẹ́rà yín bá ní Wi-Fi, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é máa ń ní áàpù tó lè gbé live view wá sórí fóònù. Ẹ gbé kámẹ́rà lé àpò kékeré tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ nílẹ̀, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ máa wo òdòdó lórí fóònù. Ẹ fọwọ́ kan ibi tí ẹ fẹ́ kó mọ́ jù, ẹ dúró kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ó ń jẹ bátìrì púpọ̀, torí pé sẹ́ńsọ̀, síkírínì àti Wi-Fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ mú bátìrì kejì dání, kí ẹ sì máa pa live view tí ẹ bá ń sinmi. Tí oòrùn bá wà níwájú yín, ẹ má fi lẹ́ǹsì sílẹ̀ kó máa wò ó fún ìgbà pípẹ́, nítorí ó lè jó sẹ́ńsọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ kùtù ló tilẹ̀ dára jù fún òdòdó, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀.