Kí ló dé tí «lo gli do» kò fi tọ́ ní èdè Ítálì?

Ìbéèrè: Èdè Ítálì ni mò ń kọ́. Mo kọ «lo gli do» láti sọ pé mo ń fún ọkùnrin kan ní ìwé (lo ni ìwé náà, gli ni «fún un», do ni «mo ń fún»). Olùkọ́ wa fagi lé e, wọ́n ní «glielo do» ló tọ́. Nígbà tó kan obìnrin, «glielo» yẹn náà ni wọ́n tún kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹni tí nǹkan ń lọ sọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú, nǹkan náà á wá tẹ̀ lé e. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn: nínú «fún mi lówó», «mi» ló ṣíwájú owó. Ibi tí Ítálì ti yàtọ̀ ni pé èyí tó ṣíwájú máa ń yí padà. Mi, ti, ci àti vi (fún mi, fún ọ, fún wa, fún yín) á di me, te, ce, ve, a ó sì kọ wọ́n lọ́tọ̀: me lo, te la, ce li, ve ne (lo, la, li àti le ló dúró fún nǹkan tí a ń fúnni, ne sì ni «lára rẹ̀»). Ṣùgbọ́n gli (fún ọkùnrin) àti le (fún obìnrin) di glie kan náà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e: glielo, gliela, glieli, gliele, gliene. Ó kan «fún wọn» pẹ̀lú, àti Lei tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni. Kí èyí má dẹ́rù bà yín o. «Mo fún un» tiwa náà kò sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Bó bá fẹ́ rú ẹni tó ń gbọ́ lójú, ẹ sọ pé «lo do a lei».

Iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe ni àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí máa ń wà: non me lo dici (o kò sọ ọ́ fún mi). Bó bá jẹ́ àṣẹ fún tu (ìwọ) tàbí voi (ẹ̀yin), tàbí ọ̀rọ̀ ìṣe tí a kò tíì yí padà bíi dire (láti sọ), ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdí rẹ̀: portatemelo, dirmelo. Da' (fún), di' (sọ) àti fa' (ṣe), tí wọ́n jẹ́ àṣẹ fún tu, máa ń sọ kọ́ńsónáǹtì di méjì: dammelo, dimmelo, fammelo. Gli nìkan ni kì í gbà fún un: diglielo. Pẹ̀lú potere (láti lè ṣe nǹkan), «te lo posso dare» àti «posso dartelo» ló dára. «Posso te lo dare» kò sí.

Ohun tó ti kọjá ló ń da àwọn tó ń kọ́ èdè yìí láàmú jù. Lo àti la á pàdánù fáwẹ̀lì wọn níwájú ho (ọ̀rọ̀ tó ń ran ọ̀rọ̀ ìṣe lọ́wọ́ láti sọ ohun tó ti kọjá), síbẹ̀ ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ fún ẹni náà mu. Bó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan (la chiave), «gliel'ho data» ni, kì í ṣe «dato». Bí kọ́kọ́rọ́ náà bá pọ̀, «gliele ho date»: fáwẹ̀lì le tó dúró fún àwọn kọ́kọ́rọ́ náà kì í bọ́ níbẹ̀.