Ṣé kí n kọ́kọ́ pín fídíò ilé sí ìran-ìran ni, àbí kí n kọ́kọ́ yí eré rẹ̀ padà, ìyẹn kí n mú un yára tàbí kí n mú un lọ́ra?

Ẹ pín in ná. Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín ìran fúnra rẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń fi àwòrán kọ̀ọ̀kan wé èyí tó tẹ̀ lé e. Ibi tí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀ lójijì, ó gbà pé ìran tuntun ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti mú fídíò náà sáré tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ á pọ̀ sí i, ó sì lè máa gé níbi tí kò yẹ. Fíláàṣì kámẹ́rà tó bá kọ mànà pàápàá máa ń tàn án jẹ. Ẹ fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà.

Ní ti mímú un lọ́ra, iye àwòrán tí kámẹ́rà yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ṣe pàtàkì jù. Tí ẹ bá ya 60, tí fídíò tí ẹ fẹ́ gbé jáde sì jẹ́ 30, ẹ lè dín eré kù sí 50% kó ṣì máa lọ geere. Àmọ́ tó bá jẹ́ 30 lẹ yà, àwòrán 15 péré ló máa kù fún ìṣẹ́jú àáyá kan: ọmọ tó ń fò sókè á kàn máa dúró díẹ̀, á tún ta gìjà. Ètò lè hùmọ̀ àwòrán sáàárín o, ṣùgbọ́n ẹ wo ìka ọwọ́ dáadáa, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń rí wúruwùru.

Ohùn ńkọ́? Tí ẹ bá mú un sáré dé 200%, ìyẹn ìlọ́po méjì, ohùn àgbà lè dún tín-ín-rín bíi ti ọmọdé. Èmi máa ń pa á ni, màá fi orin rọ́pò rẹ̀.